Ìlédìí Olórúkọ àti Ìlédìí Béèlì: Èwo Ló Rọ Òbí Lọ́rùn Láti Lekki Dé Ajah?

Ẹni tó bá dúró díẹ̀ níwájú ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ọmọ lọ́jà Ajah yóò gbọ́ ìbéèrè kan náà lẹ́nu oríṣiríṣi ènìyàn: "Ẹ̀gbọ́n, èwo ni kò wọ́n nínú gbogbo èyí, tí kò sì ní jò?" Ọlọ́jà yóò nawọ́ sí apá méjì. Lápá kan, páàkì Pampers, Molfix àti Dr. Brown's tò léra wọn, wọ́n ń dán, àwòrán ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín sì wà lára wọn. Lápá kejì, inú ọ̀rá tí a lè rí inú rẹ̀ kedere ni ìlédìí wà. Wọ́n ti kà á síbẹ̀ ní àádọ́ta-àádọ́ta, kò sí orúkọ, kò sí àwòrán. Nọ́ńbà ìwọ̀n nìkan ni wọ́n fi bírò kọ sára ọ̀rá náà. Èyí ni wọ́n ń pè ní ti béèlì, torí pé inú béèlì ńlá ló ti ń wọlé, bíi ti aṣọ òkìrìkà. Ìyá ọmọ á wo ọ̀tún, á wo òsì, á sì ṣí pọ́ọ̀sì rẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ọmọ tuntun lè lo ìlédìí mẹ́jọ sí mẹ́wàá lójúmọ́. Bó ti ń dàgbà ni iye yẹn ń dín kù, ṣùgbọ́n bó ti ń dàgbà náà ni ìlédìí rẹ̀ ń tóbi sí i, tí owó ẹyọ kan ń gbẹ́nu sókè. Ẹni tó bá fẹ́ lo ìlédìí àlòsọnù títí ọmọ yóò fi mọ ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe ti gba ìnáwó ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ́rùn. Bẹ́ẹ̀dì ọmọ, ẹ̀ẹ̀kan là ń rà á. Aṣọ ọmọ, àwọn ẹbí a máa fi ta wá lọ́rẹ. Ìlédìí ni kò ní ìsinmi.

Àwọn òbí sì ti pín sí ọ̀nà méjì lórí rẹ̀. Àwọn kan gbà pé èyí tó lórúkọ nìkan ló yẹ ara ọmọ, pé ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Àwọn kejì gbà pé orúkọ lásán là ń sanwó fún, nítorí inú agolo ìdọ̀tí kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń bọ́ sí. Mo ti gbọ́ tẹnu ọ̀tún, mo ti gbọ́ tòsì, èrò mi sì ni pé òótọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì, àmọ́ kò pé sẹ́nu ẹnì kankan nínú wọn.

Ká kọ́kọ́ mọ ìdí tí nǹkan yìí fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Oṣù kẹfà ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ kí ó máa wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà. Dọ́là kan kò tíì pé ₦500 ní iye tí ìjọba ń pè é kí ó tó dìgbà náà. Kí ọdún 2024 tó jìnnà, ó ti kọjá ₦1,500. Ìlédìí sì ń jẹ nínú ìyà yẹn lọ́nà méjì. Èyí tí wọ́n ṣe lókè òkun, dọ́là la fi ń rà á. Èyí tí wọ́n ṣe níbí pàápàá, dọ́là ni wọ́n fi ń ra ohun tó wà nínú rẹ̀, torí pé òkè òkun ni owú tí wọ́n ń fi igi ṣe, àti èròjà tó ń fa omi mu, ti ń wá.

Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá máa kó ẹrù wọn. Procter & Gamble tó ni Pampers, tó ti ní ilé-iṣẹ́ ní Agbára àti Ìbàdàn rí, kéde ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 pé àwọn kò ní máa ṣe ọjà ní Nàìjíríà mọ́, pé wọn yóò máa kó o wọlé láti òkèèrè ni. Kimberly-Clark tó ni Huggies ṣí ilé-iṣẹ́ tuntun tí wọ́n ná 100 mílíọ̀nù dọ́là lé lórí ní Ìkòròdú lọ́dún 2022. Ọdún 2024 ni wọ́n kéde pé àwọn ń lọ. Ṣùgbọ́n Hayat Kimya, ilé-iṣẹ́ àwọn ará Tọ́kì tó ń ṣe Molfix, ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ ní Agbára, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Wemy Industries, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà dá sílẹ̀, ló ń ṣe Dr. Brown's. Nítorí náà, ẹni tó ń wo páàkì mẹ́ta lórí pẹpẹ ìsọ̀ ní Ajah ń wo ìtàn ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè yìí fún ọdún mélòó kan sẹ́yìn: ọ̀kan ti padà di ọjà òkèèrè, ọ̀kan ni àlejò ń ṣe nílé wa, ọ̀kan sì ni ti ọmọ onílé.

Ẹ jẹ́ ká tú ìlédìí kan wò. Ojú tó kan ara ọmọ jẹ́ ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó ń jẹ́ kí ìtọ̀ kọjá lọ sísàlẹ̀ láìdúró lókè. Ẹ̀yìn ìta jẹ́ ọ̀rá tí kì í jẹ́ kí omi jáde. Àárín méjèèjì ni iṣẹ́ wà: owú igi tó rọ̀, tí wọ́n bu èròjà funfun kan tó dà bí iyọ̀ sí. Bí omi bá kan èròjà yìí, á wú, á sì di omi náà mú, débi pé bí ọmọ jókòó lé e, kò ní tú u jáde. Nígbà tí Pampers kọ́kọ́ dé ọjà ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1961, kò tíì sí èròjà yìí nínú rẹ̀. Owú ni wọ́n kì sínú rẹ̀, ó sì wú tìmùtìmù. Ẹ̀yìn ọdún 1980 ni èròjà náà gbilẹ̀, tí ìlédìí wá tẹ́ pẹrẹsẹ bó ti wà lónìí. Ó wà lára ohun tó gbówó lórí jù nínú ìlédìí, òun náà sì ni ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ tajà lówó pọ́ọ́kú lè kọ́kọ́ dín kù. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìlédìí kan àti èkejì, ibẹ̀ ló pọ̀ sí jù. Àwòrán orí páàkì kò fi kún un, kò sì yọ kúrò níbẹ̀.

Kí ni agbára àwọn tó dúró ti orúkọ? Àkọ́kọ́ ni pé ohun tí wọ́n rà lónìí ni wọn yóò bá lọ́la. Páàkì tí wọ́n ṣí lóṣù yìí kò yàtọ̀ sí ti oṣù tó kọjá, wọ́n sì mọ wákàtí tí yóò gbé. Fún ìyá tó ń gbé Sangotedo, tó ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣekárími. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tó fi ń jáde nílé kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Lekki-Epe má baà ká a mọ́ ọ̀nà. Ọmọ rẹ̀ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀ tàbí lórí itan rẹ̀ nínú dánfó. Bí ìlédìí bá jò ní Jakande, kò síbi tí yóò ti pààrọ̀ rẹ̀ títí yóò fi dé ibi tó ń lọ, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò sì jìyà rẹ̀. Ilé ìtọ́jú ọmọ tó ń gbé e sí náà sì ti sọ iye ìlédìí tí yóò máa kó wá lójúmọ́. Bó bá jẹ́ èyí tó ń tètè kún ni, kò ní ká ọjọ́.

Ìkejì ni ti òru. Ọmọ tí ìdí rẹ̀ gbẹ a máa sùn, ìyá rẹ̀ a sì sùn pẹ̀lú. Ìkẹta ni pé páàkì olórúkọ ní ẹni tí a lè mú. Orúkọ ilé-iṣẹ́ wà lára rẹ̀, àdírẹ́sì wà níbẹ̀, bó bá sì jẹ́ pé orílẹ̀-èdè yìí ni wọ́n ti ṣe é, àmì MANCAP ti àjọ SON, tó ń rí sí ìdiwọ̀n ọjà, yẹ kó wà lára rẹ̀. Bí ara ọmọ bá sú, òbí mọ ohun tó yẹ kó jáwọ́ nínú rẹ̀, ó sì lè sọ fún dókítà. Òmíràn tún ní ìlà kan lẹ́yìn ìta, tí yóò yí láti àwọ̀ ìyeyè sí àwọ̀ aró bí ọmọ bá ti tọ̀. Ìyẹn ń ran ẹni tó ń kọ́ ọmọ títọ́jú lọ́wọ́.

Àléébù tiwọn náà wà. Owó ni àkọ́kọ́. Èkejì ni pé orúkọ kò ní kí ọgbọ́n orí ọjà má wọ̀ ọ́: ilé-iṣẹ́ lè dín iye tó wà nínú páàkì kù kí owó rẹ̀ sì dúró síbi tó wà, oníbàárà kò sì ní mọ̀ bí kò bá kà á. Ẹ̀kẹta ni pé bí ìlédìí bá dára tó, bí ọmọ bá yàgbẹ́ sí i, a gbọ́dọ̀ pa á dà kíákíá. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ń mu ọmú lè yàgbẹ́ lẹ́yìn gbogbo oúnjẹ. Èyí tí ilé-iṣẹ́ ṣe kí ó lè gba ìtọ̀ wákàtí mẹ́wàá á bọ́ sínú àgbá ìdọ̀tí lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú. Owó ńlá tí wọ́n san lórí èròjà inú rẹ̀ ti ṣòfò, torí kò ṣiṣẹ́ kankan.

Ibi tí àwọn tó ń ra béèlì ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tiwọn nìyẹn. Wọ́n ní: bó ṣe pé mo máa pa á dà láìpẹ́ náà ni, kí ni mo ń ra olówó gọbọi fún? Òótọ́ ni wọ́n sọ. Wọ́n tún ní òbí tí kò ní ju ẹgbẹ̀rún kan náírà lọ́wọ́ lónìí kò lè ra páàkì odidi, ṣùgbọ́n ó lè ra ẹyọ márùn-ún, kí ọjọ́ òní kọjá. Ìyẹn náà kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Láti Langbasa dé Badore, láti Ògòm̀bọ̀ dé Awoyaya, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gba owó ojúmọ́, tí wọ́n sì ń ná an lójúmọ́. Ọjà tó bá lè tà fún wọn lẹ́yọ-ẹyọ ló mọ bí wọ́n ti ń gbé.

Gbogbo béèlì kọ́ ló sì burú. Nínú rẹ̀, a rí àṣẹ́kù tó dára láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe ju iye tí wọ́n ní kó ṣe lọ. A tún rí èyí tí wọ́n yọ sápá kan nítorí pé àwòrán ara rẹ̀ wọ́, tàbí pé ọwọ́ tí a fi ń lẹ̀ ẹ́ kò bára mu. Irú ìwọ̀nyí lè gba ìtọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n nínú béèlì kan náà, a lè rí èyí tí owú rẹ̀ ṣù jọ sójú kan tí ibòmíràn sì ṣófo, èyí tí rọ́bà itan rẹ̀ ti kú, àti èyí tó ti gba ọ̀rinrin lójú ọ̀nà. Àwọn ọlọ́jà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ gíréèdì kìíní àti gíréèdì kejì. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹnu ọlọ́jà nìkan ni gíréèdì náà wà. Kò sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, kò sí orúkọ ẹni tó ṣe é, béèlì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kò sì ní láti jọ ti ọ̀sẹ̀ yìí. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ mélòó ni ìlédìí kọjá kó tó wọ inú ọ̀rá yẹn? Ibo ni wọ́n ti kà á? Ara ọmọ tuntun kò nípọn; ó yẹ kí òbí bèèrè.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò yẹ̀ ẹ́ wò. Iye àpẹẹrẹ ni mo fẹ́ lò, torí owó ọjà kì í dúró. Kí oníkálùkù fi iye tó bá lọ́jà rọ́pò rẹ̀. Ká sọ pé páàkì olórúkọ kan jẹ́ ₦9,000, ogójì ló wà nínú rẹ̀. Òmíràn jẹ́ ₦7,500, ọgbọ̀n ló wà nínú rẹ̀. Ojú á kọ́kọ́ lọ síbi ₦7,500. Ṣùgbọ́n bí a bá pín in, ẹyọ kan nínú ti àkọ́kọ́ jẹ́ ₦225, ti èkejì jẹ́ ₦250. Èyí tó dà bí ẹni pé kò wọ́n ló wọ́n. Ẹni tí kò bá pín owó páàkì sí iye tó wà nínú rẹ̀ kò tíì mọ ohun tó rà.

Ká wá mú èyí tó jẹ́ ₦225 wé ti béèlì tí ẹyọ rẹ̀ jẹ́ ₦120. Ọmọ kan tó bá ń lo olórúkọ márùn-ún lójúmọ́ ń ná ₦1,125. Bó bá jẹ́ ti béèlì ni, yóò tètè kún, ká ní mẹ́jọ ni yóò lò: ₦960 nìyẹn. Èrè ojúmọ́ jẹ́ ₦165, ti ọgbọ̀n ọjọ́ jẹ́ ₦4,950. Kì í ṣe owó tí à ń tàpá sí. Ṣùgbọ́n bó bá di mẹ́sàn-án ni ọmọ náà ń lò, ₦1,080 ni, èrè ojúmọ́ ti rọ sí ₦45. Bó bá di mẹ́wàá, ₦1,200 ni, ó ti wọ́n ju olórúkọ lọ, a kò sì tíì ka ọṣẹ tí wọ́n fi fọ aṣọ tó tọ̀ sí, àti ìpara ìdí tó bó.

Ẹ wá wo ọ̀nà kẹta. Nínú mẹ́jọ ti béèlì yẹn, ká ní mẹ́fà ni ti ọ̀sán, méjì ni ti òru. Bí ìyá bá lo béèlì mẹ́fà lọ́sàn-án, ₦720, tó wá fi olórúkọ kan ṣoṣo sùn lóru, ₦225, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦945. Ó dín sí ti béèlì nìkan, ó dín sí ti olórúkọ nìkan, ọmọ sì sun oorun tó dára. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin là sílẹ̀ ní 2024 ni ₦70,000. Ẹni tó bá ń gba iye yẹn, tó sì ń ná ₦1,125 lójúmọ́ lórí ìlédìí, ó ń kó ₦33,750 lọ síbẹ̀ lóṣù kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó rẹ̀. Kò sí ẹni tó yẹ kó bú irú òbí bẹ́ẹ̀ pé ó ń wá owó pọ́ọ́kú.

Báwo ni a ṣe máa mọ béèlì tó dára? Ẹ má ra àádọ́ta lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ ra ẹyọ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ tẹ́ ọ̀kan sórí tábìlì, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ àárín rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn: kò gbọdọ̀ ṣù jọ, kò gbọdọ̀ ṣófo. Ẹ fa rọ́bà itan rẹ̀, ẹ wò ó bó bá padà. Ẹ lẹ ọwọ́ rẹ̀, kí ẹ tú u, kí ẹ tún un lẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ da omi tó tó ìdajì kọ́ọ̀pù sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ gbé tíṣù gbígbẹ lé e, kí ẹ sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́. Bí tíṣù náà bá ṣì gbẹ, inú rẹ̀ ní èròjà tó tó. Bó bá rin gbindingbindin, owú lásán lẹ rà, ìdí ọmọ yóò sì máa wà nínú omi. Ẹ ṣe irú rẹ̀ fún páàkì olórúkọ tí ẹ ń lò, kí ẹ gbé méjèèjì síra. Nígbà míì, ìyàtọ̀ wọn pọ̀ gan-an. Nígbà míì, ẹ kò ní rí ìyàtọ̀ kankan. Ojú yín ni yóò sọ fún yín, kì í ṣe ẹnu ọlọ́jà, kì í sì í ṣe ìpolówó orí tẹlifíṣọ̀n.

Kí a tó sọ pé ìlédìí kan kò dára nítorí pé ó ń jò, ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá àwa ni kò wọ̀ ọ́ dáadáa. Ìwúwo ọmọ ni a fi ń mú ìwọ̀n, kì í ṣe oṣù rẹ̀. Bó bá kéré jù, yóò há itan, yóò sì jò lẹ́yìn. Bó bá tóbi jù, àlàfo á wà ní itan. Ó yẹ kí ìka méjì wọ àárín ìlédìí àti ikùn ọmọ. Kí a fa etí wẹ́jẹwẹ̀jẹ ẹ̀gbẹ́ itan síta, kí ó má ká wọnú. Bó bá jẹ́ ọmọkùnrin, kí nǹkan ọkùnrin rẹ̀ dojú kọ ìsàlẹ̀ kí a tó lẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ páàkì ni òbí ti kọ̀ sílẹ̀ lórí ẹ̀sùn tí kò jẹ̀bi rẹ̀.

Àwọn ìyá àgbà wa yóò bèèrè pé ṣé aṣọ ìlédìí ti tán láyé ni. Àwọn fi nápúkínnì funfun, píìnì àti ṣòkòtò ọ̀rá tọ́ ọmọ mẹ́fà, wọ́n ń sè é, wọ́n ń sá a, wọ́n sì ń fi ti ẹ̀gbọ́n wọ àbúrò. Lójú owó nìkan, aṣọ ni yóò borí níbi tí omi bá ti mọ́ tó sì pọ̀. Ṣùgbọ́n Lekki àti Ajah wà láàárín òkun àti ọ̀sà. Omi kànga àti bọ́ọ̀hóòlù ọ̀pọ̀ àdúgbò ibẹ̀ ní irin nínú, àwọ̀ rẹ̀ a máa pọ́n, òmíràn sì níyọ̀. Aṣọ funfun tí wọ́n bá fi fọ̀ á di aláwọ̀ ìpẹtà. Ẹni tó bá ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà ní kẹ́ẹ̀gì-kẹ́ẹ̀gì ń sanwó fún gbogbo ṣíṣàn, a kò sì gbọdọ̀ fi ọṣẹ sílẹ̀ lára rẹ̀, kó má baà ta ìdí ọmọ. Nígbà òjò, aṣọ kì í gbẹ. Èyí tí wọ́n bá sì sá síta, ó yẹ kí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́, nítorí eṣinṣin kan wà tó máa ń yé ẹyin sára aṣọ tó tutù, ìdin rẹ̀ á sì wọ ara ọmọ, á di eéwo. Áyọ́ọ̀nù ń fẹ́ iná mànàmáná. Nítorí náà, aṣọ ìlédìí yẹ ilé tó ní omi tó dára, ẹni tó ń ráyè fọ̀ ọ́, àti iná. Ilé tí kò ní wọn, ìnáwó tó sá fún níbi páàkì ni yóò pàdé níbi kẹ́ẹ̀gì.

Ọgbọ́n kan wà lọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà wọ̀nyẹn, tí kò gba omi, tí kò sì gba dọ́là. Wọn a jókòó, wọn a na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọn a gbé ọmọ lé ojúgun wọn, kí ìdí rẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ méjì, lórí póò tàbí bébà, lẹ́yìn tó bá jí àti lẹ́yìn tó bá jẹun. Wọn a máa dá ohùn kan sí i létí títí yóò fi yàgbẹ́. Ọmọ tó bá ti lè dá ọrùn dúró dáadáa lè bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n. Bí ìlédìí ẹyọ kan péré bá yọ lójúmọ́, ₦225 àpẹẹrẹ wa yẹn ti di ₦6,750 lóṣù. Ìyá tó ń lọ síbi iṣẹ́ lè má ráyè ṣe é láàárọ̀, ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó wá ṣe ọlọ́jọ́jọ́ ọmọ ráyè, ọjọ́ ìsinmi sì wà.

Ibi tí a ti ń rajà tún ń sọ iye tí a ó san. Páàkì kan náà lè ní iye mẹ́ta: ọ̀kan ní súpámákẹ́ẹ̀tì Lekki Phase 1, òmíràn lọ́jà Ajah, òmíràn lọ́wọ́ àwọn tó ń ta páálí-páálí ní Òkè Àrìn ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá náà a máa ṣe ẹ̀dínwó, nígbà mìíràn owó wọn á sì rẹlẹ̀ ju ti ọjà lọ. Ẹ má rò pé ilé tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ló wọ́n nígbà gbogbo. Ẹni tó bá fẹ́ dé Òkè Àrìn, kó ka owó ọkọ̀ mọ́ ọn. Fún páàkì kan, kò tọ́ sí ìrìn. Ṣùgbọ́n bí ìyá mẹ́rin nínú ọgbà kan bá dáwó jọ bí à ń ṣe dá àjọ, kí wọ́n rán ẹnì kan lọ ra páálí, kí wọ́n sì pín in, ìyẹn ni èrè. Kí wọ́n má ra ìwọ̀n kan jọ ju bó ti yẹ lọ, nítorí ọmọ ń dàgbà, ìlédìí kì í dàgbà tẹ̀lé e.

Ẹrù kan tún wà níbẹ̀ tí àwọn apá méjèèjì jọ ru. Béèlì ni o, olórúkọ ni o, kò sí èyí tó ń tètè jẹrà nínú ilẹ̀. Ẹni tó ń lo èyí tó ń tètè kún sì ń sọ púpọ̀ nù ju ẹnì kejì lọ. Gọ́tà àti kánáálì etíkun yìí kò ní àyè fún un. Gbogbo ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ló mọ ohun tí òjò oṣù kẹfà àti keje ń ṣe sí títì. Ẹ da ìgbẹ́ inú rẹ̀ sí ṣáláńgá, ẹ ká a, ẹ lẹ̀ ẹ́, ẹ dì í sínú ọ̀rá, kí ẹ sì dúró de ọkọ̀ ìdọ̀tí.

Bí mo bá wá gbé gbogbo rẹ̀ lé ìwọ̀n, ohun tí mo rí nìyí. Fún òru, fún ìrìn-àjò àti fún ilé ìtọ́jú ọmọ, olórúkọ tó pa owó ara rẹ̀ ni kí òbí rà, kó sì bẹ̀rẹ̀ ìwádìí rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ń ṣe ní orílẹ̀-èdè yìí, bí owó ẹyọ wọn bá dín lóòótọ́. Fún ọ̀sán nínú ilé, níbi tí ojú wà lára ọmọ, tí a sì ń pa á dà nígbàkúùgbà, béèlì tí a ti fi omi dán wò tó. Ọmọ tí ara rẹ̀ bá ń sú, tàbí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kí wọ́n tó bí i, kí a má fi béèlì dán an wò rárá. Bí ìdí ọmọ bá pọ́n, kí a fi omi lásán fọ̀ ọ́, kí a jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Bí kò bá sàn lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, tàbí tó ń yọ eéwo, kí a gbé e lọ sí ilé ìlera, kí a má ṣe máa pààrọ̀ páàkì kiri.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ohun tí ẹ rà dójú tì yín nílé ìkómọ tàbí níwájú ilé ìtọ́jú ọmọ. Ẹ pín owó páàkì sí iye inú rẹ̀, ẹ ka iye tí ọmọ yín ń lò láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìlédìí tó bá jẹ́ kí ìdí ọmọ gbẹ, tí ara rẹ̀ kò sì bó, tí kò sì gbé owó oúnjẹ ilé lọ, òun ló dára jù fún ilé yín, ìbáà ní orúkọ, ìbáà má ní.